Ẹ̀gbọ́n Tó Gbẹnu Sọ fún Mi

Tí mo bá rí ẹ̀gbọ́n yẹn lódìkejì títì ní Yábàá lónìí, màá kí i. Màá tiẹ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀, torí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n inú mi ò ní kí i. Tẹ́lẹ̀, mi ò jẹ́ dárúkọ rẹ̀ láìfi "wọ́n" sí i. Ní báyìí, ẹ má bínú, "ó" ló tó o. Ó dalẹ̀ mi, mi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pe ohun tó ṣe.

Òun ló mú mi wọ bọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin kan. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Olùkọ́ ló jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, èmi ṣì ń kọ́ni nílé ìwé girama ní Sùúrùlérè. Ó ní, "Àbúrò mi, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni o, Ọlọ́run ló ń san án." Mo rẹ́rìn-ín, mo gbà.

Gbogbo Sátidé làwọn ọmọ máa ń pàdé nínú gbọ̀ngàn kékeré kan ní Yábàá, lẹ́bàá ojú irin. Wọ́n ń kọ́ aṣọ rírán àti kọ̀ǹpútà. Tí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, gbogbo wa á dákẹ́, torí kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohun tẹ́nìkejì ń sọ. Tó bá kọjá tán, ariwo wọn á tún bẹ́.

Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Màkókó. Ọ̀kan wà tó jẹ́ bí olórí wọn, ọmọ Ègùn, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. "Mà" ló ń pe gbogbo bọ́ọ̀dù, èmi nìkan ló ń pè ní "Àǹtí wa." Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn. Ó ti rán búláòsì fún ìyá rẹ̀ níbẹ̀, apá kan gùn ju èkejì lọ, ìyá sì wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tó yá ni àwọn kan nínú bọ́ọ̀dù ní gbọ̀ngàn wa ti gbó, àwọn ti rí òmíràn ní Sùúrùlérè. Ó dára lóòótọ́, mo lọ wò ó. Ṣùgbọ́n ta ló máa san owó ọkọ̀ láti Màkókó? Ọmọ náà dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí wa, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n fẹ́ kó lọ? Tí wọ́n bá kó lọ, tèmi ti parí nìyẹn o. Ìyá mi ní ìdí ẹja ni màá padà sí."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, màá sọ̀rọ̀.

Ní bọ́ọ̀dù wa, àbúrò kì í dìde nípàdé kó ta ko àwọn àgbà. Tóo bá lọ́rọ̀, wàá gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n tó mú ọ wọlé, òun á gbé e kalẹ̀ bí ẹni pé tiẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé bàbá mi náà nìyẹn. Mo gba ilé ẹ̀gbọ́n mi lọ, mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún un pé ká má kó kúrò ní Yábàá.

Ó fọwọ́ gbá mi léjìká. "Fi í lé mi lọ́wọ́. Àmọ́ má la ẹnu ẹ nípàdé o, kí wọ́n má baà ní ẹni àná ló fẹ́ máa darí wa." Mo dúpẹ́ títí. Ó tún di ọsàn fún mi lọ sílé.

Ọjọ́ ìpàdé pé. A gbàdúrà, ọ̀rọ̀ kan gbọ̀ngàn, mo gbójú sókè wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó wúkọ́.

"Ẹ jẹ́ ká kó lọ sí Sùúrùlérè. Àwọn òbí ibẹ̀ fẹ́ mú ọmọ wọn wá, ṣùgbọ́n ká sòótọ́, wọn ò fẹ́ kí àwọn ọmọ wọn máa gbóòórùn ẹja. Mo ti bá àbúrò mi yìí jókòó, òun tó sún mọ́ àwọn ọmọ Màkókó jù. Òun náà gbà pé ohun tó dáa jù nìyẹn."

Èmi kẹ̀! Èmi gbà! Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

Alága wò mí tòkè tilẹ̀. "Ṣé ò ń sọ pé ẹ̀gbọ́n ẹ ń purọ́ ni?"

Ẹ ẹ̀ rí nǹkan? Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti bú àgbà, ìwà mi la sì máa bá jókòó títí ìpàdé á fi tú. Kò sẹ́ni tó máa rántí Màkókó mọ́. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, mo ti gbà nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ wojú mi. Ó gbọ́wọ́ lé mi lórúnkún, ó ń fi gbá mi jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ ọwọ́. Ó mọ̀! Ọjọ́ tó ti ní kí n má la ẹnu ló ti mọ̀.

"Mi ò ní wọ́n ń purọ́ o, mà," ni mo wí, "àmọ́…"

"Ó ti tó," ni alága wí. "Gbogbo wa ti fẹnu kò."

Níta, mo bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè pé kí ni mo ṣe fún un. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìjà ni mo gbà ẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. O ṣì ń bọ̀ wá dúpẹ́." Dúpẹ́ kẹ̀! Inú bí mi. Mo padà sílé, mo kó ọsàn tó kù dànù.

Ní Sátidé, mo tètè lọ kí n lè fẹnu ara mi sọ fún àwọn ọmọ. Alága ti ṣáájú mi débẹ̀, ó ti sọ ọ́, ó ti lọ. Ọmọ Ègùn náà jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, kò rán nǹkan kan.

"Wọ́n ní ẹ̀yin gan-an lẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ló dáa," ló wí.

"Irọ́ ni! Ẹ̀gbọ́n yẹn purọ́ mọ́ mi!"

Ó wò mí. "Ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lọ, gbogbo wa dákẹ́ bí a ti máa ń ṣe. Nígbà tó kọjá tán, kò sẹ́ni tó pariwo. Ọmọ náà dìde, ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ, ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ ṣé, mà," ló wí.