A dúpẹ́ Tó Sọ fún Nọ́ọ̀sì

Àyìnkẹ́ Òpó, ọmọ Òpómúléró, ọmọ òpó ilé tí kò jẹ́ kí àjà ó wó, abiyamọ tó pọn ọmọ ọlọ́mọ bíi tirẹ̀, ìyáálé mi. Oríkì nìkan ni mo kọ. Orúkọ ń bẹ lẹ́nu mi.

Inú ń bí mi. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, inú ṣì ń bí mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń bí mi nínú: a dúpẹ́.

Ogójì ọdún la fi jọ bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bí omi yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, á ní Alihamudulilai. Bí ẹ̀gúsí bà jẹ́, á ní ti ẹlòmíì bà jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé, ó ní òun dúpẹ́, òun ti rí ẹni bá òun sọ̀rọ̀. Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Òótọ́ ló ń sọ. Kì í ṣe ojú ayé rárá: bó bá fi epo jẹ iṣu tán, oorun rẹ̀ á dùn ju ti olówó lọ.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀gbẹ́ mú. Mo ní ká lọ sílé ìwòsàn kékeré kan tí mo mọ̀ nítòsí Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́ ìlú mi. Nínú ọkọ̀, ó ní, "Ìyàwó, láfún lo fẹ́ lọ jẹ, o wá fi èmi ṣe àwáwí."

Mo lọ gba káàdì. Nígbà tí mo fi máa dé, òun àti nọ́ọ̀sì ń ṣàdúrà fúnra wọn.

"Màmá, ara ńkọ́?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi."

"Ṣé oúnjẹ ń lọ?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú káàdì, ó fún wa ní parasitámọ̀, ó ní ká máa lọ. Mo rí orúkọ rẹ̀ láyà aṣọ rẹ̀, mi ò ní kọ ọ́ síbí, torí èmi náà gbé oògùn, mo sì tẹ̀ lé ìyáálé mi jáde. Mo fẹ́ kí a dúpẹ́ yẹn jẹ́ òótọ́.

Lọ́sẹ̀ kẹta, kò lè dìde lórí ẹní mọ́. Mo pariwo mọ́ ọn, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúpẹ́ fún mi lónìí! Ibo ló ń dùn yín?"

"Láfún yẹn ló gbé ariwo sí ọ lẹ́nu." Ó wá fa ọwọ́ mi, ó fi lé ikùn rẹ̀ lápá ọ̀tún. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó le bí èkùrọ́. "Láti inú ààwẹ̀ ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún nọ́ọ̀sì?"

"Ó kí mi ni, mo sì dá a lóhùn. Ṣé kí n máa ka àìsàn fún ọmọ tó kí mi?"

A padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Dókítà ní ó ti pẹ́ jù.

Ó kú nílé. Àwọn tó wá kí wa ń sọ pé, "Ẹ dúpẹ́, ìyá ti dàgbà." Èmi tí wọ́n fi orin ọpẹ́ tọ́ ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, mo ní, "Ẹ̀yin, ẹ máa dúpẹ́. Èmi ò dúpẹ́ o. Ó dun obìnrin yìí, ẹ gbọ́? Ó dùn ún gan-an." Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ní kí n rọra. Mi ò rọra.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sin ín, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, sí ẹ̀yìnkùlé ọkọ wa.