Ìlà Gábàsì Nílé Alhájì Mansur

Bí ẹ bá gba títì Awo jáde ní Ẹdẹ, tí ẹ kọjá ibi táwọn ọlọ́kadà ń dúró sí, ẹ ó ti rí ilé náà kí ẹ tó dé ẹnu géètì rẹ̀. Dígí ni láti òkè délẹ̀, òrùlé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, omi ìlúwẹ̀ẹ́ sì ń dán lẹ́yìnkùlé. Ká má purọ́, ó dùn ún wò. Alhájì Mansur, ọmọ Ẹdẹ tó ń ṣòwò l'Ábújá, ló kọ́ ọ fún ìyá rẹ̀. Màmá Sìmbíátù fúnra rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní òun kì í ṣe búnsì tí wọ́n ń kó sínú gíláàsì tà, ó bá padà sí agboolé rẹ̀.

Fàdìlàt ló tẹ́ táìlì gbogbo ilé náà. Bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin. Ìyàndá bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, nígbà tí orúnkún bàbá náà kò jẹ́ kó lè kúnlẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́jọ ló fi tẹ́ ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná kiri Ẹdẹ, táwọn bíríkìlà ń bi í pé ṣé ọkọ ẹ̀ mọ̀ pó wà níbí. Ilé ńlá tó máa kọ́kọ́ ṣe nìyí. Alhájì sì ti ṣèlérí pé bí iṣẹ́ náà bá yọrí, Fàdìlàt náà ni yóò tẹ́ ilé mẹ́ta mìíràn tóun fẹ́ kọ́ sí àdúgbò yẹn. Inú Fàdìlàt dùn débi pé ó ń kọrin lórí símẹ́ńtì.

Ó wá ku yàrá ìkírun. Títì ni wọ́n kọjú ilé náà sí, kì í ṣe gábàsì, nítorí náà ògiri yàrá kò lè júwe fún olùkírun. Fàdìlàt pinnu pé òun á tẹ́ táìlì funfun, òun á sì fa ìlà dúdú sáàárín rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ti fi ìka ẹsẹ̀ tẹ ìlà náà ti kọjú sí gábàsì nìyẹn. Bàbá rẹ̀ kì í fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ láì dúró de oòrùn. Nígbà ọyẹ́, bí ìrun Alásàárì bá tó ní Ẹdẹ, ẹ̀yìn olùkírun loòrùn máa ń wà, òjìji rẹ̀ á sì nà síwájú tààrà. Òjìji yẹn ni Ìyàndá fi ń tọ́ okùn rẹ̀, á sì wá fa ìlà tí wọ́n ń tẹ̀ dábùú okùn náà. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ bo oòrùn mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, ojú sì ń kán Fàdìlàt. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó irin tó gbé òrùlé ró, ibi tí ọfà tó ń júwe gábàsì nínú fóònù tọ́ka sí ló tẹ̀ lé. Ọjọ́ méjì ló fi parí ẹ̀, ó sì ń dán gbinrin.

Lọ́jọ́ kẹta, oòrùn yọ. Nígbà tí Alásàárì tó, Fàdìlàt ṣe àlùwàlá, ó ní òun ni yóò kọ́kọ́ kírun níbẹ̀. Ó tẹ ìlà dúdú. Oòrùn gba ara dígí wọlé, ó ń jó o létí òsì, òjìji rẹ̀ sì ya sápá ọ̀tún pátápátá. Ó gbé fóònù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó gbé e jáde sí gbàgede, ọfà náà yí. Àṣé irin ló ti ń fà á! Ìta ló ti kírun ọjọ́ yẹn, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Enjiníà Roqeeb, tó ń bójú tó iṣẹ́ ilé náà, kì í fẹ́ wàhálà rárá. "Ta ni yóò mọ̀?" ló wí nígbà tí Fàdìlàt ròyìn fún un. "Kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa tẹ́ lé e. Alhájì ti bẹ Màmá, ọ̀la ló ń bọ̀ wá tún ilé náà wò. Ṣé o fẹ́ kí iṣẹ́ ilé mẹ́ta bọ́ lọ́wọ́ ẹ ni?"

Fàdìlàt ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ro ilé mẹ́ta náà títí. Ṣùgbọ́n ó tún ro ìyá arúgbó tí yóò máa forí kanlẹ̀ lójoojúmọ́ síbi tí kò tọ́ tóun júwe fún un, tí kò sì ní mọ̀. Nígbà tí Màmá Sìmbíátù wọlé lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó bá a lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú òòlù, àfọ́kù táìlì yí i ká.

"Kí lò ń fọ́ yẹn?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo ṣì í tẹ́. Gábàsì kọ́ ló kọjú sí. Táìlì tó ṣẹ́kù á tó ìdajì ẹ̀, èmi ni n ó wá ìyókù."

Màmá pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó ròyìn fún un. Ohùn Alhájì le débi pé Fàdìlàt ń gbọ́ ọ níbi tó kúnlẹ̀ sí: "Ta ló bà á jẹ́?"

"Ẹni tó bà á jẹ́ ló ń tún un ṣe," ni Màmá wí. "Mi ò sì tíì rí irú ẹ̀ nínú gbogbo àwọn tó o kó síbí. Ilé mẹ́ta tó kù yẹn, bí kì í bá ṣe òun ló tẹ́ ẹ, má pè mí wá ṣí i."

Ó pa fóònù. Alásàárì ti tó, oòrùn sì ti gba dígí wọlé. Ó rọra la àfọ́kù táìlì kọjá, ó dúró láàárín yàrá, ó kọjú síbi tó ti ń kọjú sí láti kékeré. Òjìji rẹ̀ nà síwájú rẹ̀ tààrà.

"Okùn ẹ dà?" ló bi Fàdìlàt.

Fàdìlàt na okùn lé òjìji náà, láti ẹsẹ̀ dé orí. Màmá ò mira títí tó fi so ó tán. Lẹ́yìn náà ló yọjú sí dírẹ́bà tó gbé e wá níta.

"Lọ sí agboolé," ló ní. "Kó ẹní mi àti bùtà mi wá. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́."