Adìẹ Tí Àwòdì Ṣẹ́kù n'Ísọlọ̀

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi jáde n'Ìwó, nítorí Láyíwọlá, ọmọ àbúrò mi, ránṣẹ́ pé kí n tètè mú oògùn tí à ń fi lé àwòdì bọ̀. Ó ti fi iṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú sílẹ̀, ó ń sin adìẹ n'Ísọlọ̀. Bí adìẹ bá tán, oko bàbá rẹ̀ ló kù fún un, gbogbo wa sì mọ̀ pé kò mọ ọkọ́ dì mú.

Bọ́lẹ́kájà gbé wa dé Ìbàdàn, ọkọ̀ mìíràn já wa sí Òṣòdì. Owó búrẹ́dì kan níbẹ̀ yóò ra méjì nílé wa. Nígbà tí mo ráhùn, awakọ̀ ní owó epo rọ̀bì ti dé sílùú, ta ló tún ń wo iye owó búrẹ́dì.

Láyíwọlá ní dárẹ́ẹ́kítọ̀ lòun báyìí. Èyíinì ni ọ̀gá tí kò tíì ní ọmọọṣẹ́. Ọkọ̀ òfurufú ló kó òròmọdìẹ rẹ̀ dé láti òkè òkun, funfun báláú, àfi ìwọ̀nba tí àwọ̀ wọn dà bí erùpẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tí yóò fi kọ́lé fún wọn ṣì wà lójú òkun, nítorí náà gbangba ni wọ́n ti ń jẹ̀. Kí n tó mú oògùn dé, àwòdì ti kó àwọn funfun tán. Ó ku aláwọ̀ erùpẹ̀ márùn-ún, akọ kan, abo mẹ́rin, wọ́n ti dàgbà, àwọn abo sì fẹ́ẹ̀ máa yé.

Àwọn márààrún yìí ni Láyíwọlá ní kí ìyàwó rẹ̀, Ìyá Délé, pa fún mi. Ó ní wọn ò dùn ún wò, páálí òròmọdìẹ funfun mìíràn ń bọ̀.

Mo ní, “Láyíwọlá, ta ló yan àwọn yìí?”

“Ẹnì kankan ò yàn wọ́n, Bàbá. Àwòdì ni ò rí wọn.”

“Jẹ́ kí wọ́n bímọ nígbà náà. Èyí tó bá jọ wọ́n, àwòdì á fò ó kọjá. Ìyẹn náà á tún bí tirẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á kúkú rẹ àwọn funfun tó ń bọ̀ láró, kí àwòdì má baà rí wọn.

Ìyá Délé ti mú ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ó rọra bi í pé, “Bàbá Délé, ọmọ tí àwọn funfun yẹn bá pa ńkọ́? Ṣé aró á ti wà lára wọn látinú ẹyin?”

Mo kọ ẹran, mo fi pánlá jẹ ẹ̀bà. Pánlá náà, òkè òkun ló ti wá. Ìyá Délé gbé ọ̀bẹ padà. Nígbà tí mo ń lọ, àwọn márààrún ń tú ilẹ̀, Láyíwọlá sì ti lọ ra aró.

Nígbà tí mo padà dé Ìwó, àwọn ará ilé ní adìẹ tiwa gbọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wọ aṣọ erùpẹ̀. Mo ní kì í ṣe ọgbọ́n. Àwọn tí kò wọ̀ ọ́ ni kò fi ọmọ sílẹ̀.