Ọ̀gá Wa Kì í Sọ̀ Kalẹ̀

Aago méje ku ogún ìṣẹ́jú, láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, ni ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa, tó ti fẹ̀yìn tì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Wọ́n ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde ti tẹ́jú jù fún àwọn. Èmi ń tẹ̀ lé wọn lórí ọ̀kadà gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Gbogbo àwa tí a kò níṣẹ́ ni wọ́n máa ń sọ fún pé, "Òkè kì í ga jù fún ẹni tí kò bá sọ̀ kalẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà máa ń fún mi lókun, ó sì máa ń dùn mí.

Ní kọ́nà àkọ́kọ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kí bàbá àgbẹ̀ kan. "A kì í jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kí àgbà." Òótọ́ ni. Ní kọ́nà kejì, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kí ìyá kan tí wọ́n fi ọjọ́ orí jù lọ dáadáa, wọ́n sì béèrè gbogbo ará ilé rẹ̀. Níbi tó ga jù, kò sí ènìyàn kankan. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kí ilé kan tí wọ́n tì pa.

"Ṣé onílé wà ńlé, sà?"

Wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹni tó kọ́ ilé yìí jù mí lọ. Ìwọ náà, sọ̀ kalẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ilẹ̀kùn. Ojú tì mí, àmọ́ inú mi dùn pé wọ́n ráyè sinmi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí n jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé wọn kò sọ̀ kalẹ̀ rárá. Lẹ́yìn ìsìn ni wọn yóò buwọ́ lu lẹ́tà tí mo fẹ́ fi wá iṣẹ́ olùkọ́ ní Odògbólú. Ẹ̀rù irọ́ ń bà mí, ẹ̀rù àìríṣẹ́ sì ń bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, kí ni kí n sọ bí wọ́n bá pè mí síwájú?