Lọ́ńdọ̀nù Kò Jìnnà Ju Abà Wa Lọ

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Odode, Ìdànrè, ẹsẹ̀ la fi ń mọ bí ibì kan ṣe jìnnà tó. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi náà mọ̀ ọ́n. Tílẹ̀ bá ti mọ́, a ó ru ẹrù, a ó forí lé abà kòkó wa. Ìgbà tí oòrùn bá kanrí la máa ń débẹ̀. Iṣu sísun tí ìyá mi dì fún wa kì í dé ìdajì ọ̀nà, torí èmi ni wọ́n máa ń gbé e rù.

Ọdún tí mò ń ka ìwé kẹrin lẹ́ẹ̀kejì ni Bọ̀dá Dáyọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, rí ààyè ilé ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Inú gbogbo ilé dùn, àfi Màmá Àgbà, ìyá bàbá wa. Wọ́n ní ọmọ tó bá lọ síbi tó jìnnà báyẹn, òkú àwọn ló máa wá bá nílé. Bàbá mi náà sì ní tí Màmá ò bá gbọ́wọ́ àdúrà lé e lórí, kò ní lọ. Ni bàbá mi bá fi gbogbo wa sínú ààwẹ̀, bí ti àwa Aládùúrà.

Wọ́n ka máìlì fún Màmá títí, kò yé wọn. Bọ̀dá wá ní tí bàálù bá ti gbéra ní Èkó, bíi wákàtí mẹ́fà ni. Màmá ní kí èmi ọ̀mọ̀wé ṣàlàyé wákàtí mẹ́fà. Mo ka ìka mi, mo ní, "Màmá, láti ìgbà tílẹ̀ bá mọ́ títí oòrùn á fi kanrí ni. Bí abà wa."

Màmá wo bàbá mi tìyanu-tìyanu. "Ṣé abà yìí náà lẹ ń torí ẹ̀ febi pa mí?"

Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbọ́wọ́ lé Bọ̀dá lórí. Kò sẹ́ni tó láyà láti ṣàtúnṣe.

Àmọ́ ẹ rántí pé ẹni tó bá wà lábà kì í ṣàì wálé lálẹ́ Sátidé, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ kejì. Màmá bu iyán Bọ̀dá sọ́tọ̀, wọ́n fi awo dé e. Wọn ò rí i. Sátidé kejì, wọ́n tún bù ú. Àárọ̀ Sọ́ńdè ni mo máa ń gbé e jẹ. Ọdún ń gorí ọdún, Màmá ò yéé bù ú, èmi náà ò yéé sanra.

Ọjọ́ tí Bọ̀dá padà dé, ọ̀pá ni Màmá fi ń rìn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti kóòtù. Màmá fọwọ́ pa á lórí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé igbó ti bo ọ̀nà abà ọ̀hún ni?"

Omi ń bọ́ lójú Bọ̀dá. Ó ní, "Ó bò ó díẹ̀, Màmá."

Wọ́n ní kí n gbé iyán ẹ̀ wá. Ọpẹ́ ni pé Sátidé ni, n ò tíì jẹ ẹ́.

Lóde òní, ọ̀kadà á gbé èèyàn dé abà kí iṣu sísun tó tutù. Bàálù ní tiẹ̀ ò tíì kúrò ní wákàtí mẹ́fà. Ọmọbìnrin mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Ojoojúmọ́ ló ń yọjú lórí fóònù, tó ń bi mí bóyá mo ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Síbẹ̀, tó bá di alẹ́ Sátidé, mo máa ń ní kí ìyá ẹ̀ bu iyán tiẹ̀ sọ́tọ̀. Kò sọ́mọdé nílé mọ́ tó máa jẹ ẹ́ láàárọ̀. Èmi náà ni mo ṣì ń jẹ ẹ́.