Ìdọ̀bálẹ̀ Inú Kọ̀ǹpútà

Èmi ni mo tẹ "Oui". Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé tí mo lè tì í sí lọ́rùn. Ìyá mi kì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ewúrẹ́ wa sì wà lórí ìso.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni kọ̀ǹpútà náà. Àbíjàn ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀ ṣì wà tó ń tajà. Òun wá sí Èjìgbò láti dúró de ìwé ìgbaniwọlé yunifásítì, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ èmi àti ìyá mi. Tọ́ntọ́n ló ń pè mí, bí àwọn ọmọ ọ̀hún ṣe ń pe arákùnrin ìyá wọn. Lọ́jọ́ náà, ó fẹ́ lọ ra búrẹ́dì. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ó ní, "Tọ́ntọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi máa wò ó. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o."

Mo ń wò ó. Kò pẹ́, àpótí kékeré kan yọ sójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Faransé ló kún inú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ìbéèrè ni nítorí àmì ìbéèrè wà nídìí rẹ̀. "Oui", ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, wà lápá kan, "Non", ìyẹn bẹ́ẹ̀ kọ́, wà lápá kejì. Èmi ò dé Àbíjàn rí, ṣùgbọ́n àwọn tó ti ibẹ̀ bọ̀ pọ̀ ní Èjìgbò débi pé ẹni tí kò bá gbọ́ "oui", àlejò ni wọn yóò pè é. Inú mi tiẹ̀ dùn pé mo mọ ọ̀kan nínú ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n sì ti kọ́ mi láti kékeré pé bí wọ́n bá bi ènìyàn ní ìbéèrè, kó má dákẹ́. Mi ò dákẹ́. Mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ dátà orí fóònù mi bí ẹni tó ń ṣínu ààwẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ irú géèmù tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo bi ọmọ náà pé ta ló ń borí níbẹ̀. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń borí, Tọ́ntọ́n. Wọ́n kàn ń gbélé ni." Òótọ́ ni. Àwọn ènìyàn kéékèèké ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń jí, wọ́n ń wẹ̀, wọ́n ń dáná, wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́, ebi ń pa wọ́n, oorun ń kùn wọ́n. Bí ebi bá pa ọ̀kan nínú wọn jù, yóò kú, kò sì ní sí mọ́. Ọmọ náà ti kọ́ ilé wa síbẹ̀ kí ìyá rẹ̀, tó ti pẹ́ tó ti wálé gbẹ̀yìn, lè máa rí i lórí fóònù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa wà níbẹ̀, páànù wa tó ti dípẹtà wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ wà níwájú ilé, ìyá mi sì jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi náà wà níbẹ̀. Ikùn mi tobi díẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní òun tiẹ̀ ti dín in kù.

Bí àwọn tó ṣe géèmù náà ṣe ṣe é, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Ọjọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ jókòó wò ó, èmi inú kọ̀ǹpútà jáde ní yàrá láàárọ̀, mo na ọwọ́ sókè sí i, mo sì bá tèmi lọ.

"Ta nìyẹn tó ń dá ọ̀kadà dúró?" ni ìyá mi wí.

"Tọ́ntọ́n ni, Ìyá Àgbà. Ẹ̀yin ni wọ́n ń kí."

"Kì í ṣe ọmọ tèmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ká ọmọ náà lára. Ó wá orí íńtánẹ́ẹ̀tì kiri títí ó fi rí ohun tí wọ́n ń pè ní mọ́ọ̀dù. Àfikún ni mọ́ọ̀dù: ẹni tí kì í ṣe òun ló ṣe géèmù yóò ṣe nǹkan tirẹ̀, ẹni tó bá wù yóò sì fi í kún géèmù rẹ̀. Ọmọ Yorùbá kan tí a ò mọ̀ rí ló ṣe àfikún ìkíni yìí. Ọkùnrin yóò dọ̀bálẹ̀, obìnrin yóò kúnlẹ̀, àgbà yóò dáhùn, kí wọ́n tó dìde. Láti ìgbà náà ni ìyá mi ti ń gbé àga rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù láti wá wo ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kí i.

Ohun tí ẹni tó ṣe àfikún náà kò mọ̀ ni bó ṣe ń pẹ́ kí ìyá mi tó dáhùn. Láràárọ̀, bí mo bá ti kírun Àsùbáà tán, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ fún un lórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó lè bi mí bóyá òjò rọ̀, bóyá ọlọ́kadà tó ń gbé ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn ti dé, bóyá mo ti já koríko fún ewúrẹ́, kó tó rántí pé mo ṣì wà nílẹ̀. N kì í dìde. Orúnkún mi a máa ráhùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í.

Nígbà tí ọmọ náà ra búrẹ́dì dé, ó ṣí géèmù. Ilẹ̀ mọ́ nínú kọ̀ǹpútà. Mo jáde ní yàrá, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá mi. Mo wà níbẹ̀. Oòrùn yọ, ó kan àtàrí, ó wọ̀. Mo wà níbẹ̀. Ilẹ̀ tún mọ́. Ìyá mi jókòó sórí àga, ó ń wo ọ̀ọ́kán.

"Ha! Tọ́ntọ́n, kí lẹ fọwọ́ kàn?"

"Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó bi mí ní nǹkan ni."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ní ohun tí wọ́n bi mí ni bóyá kí wọ́n sọ géèmù di tuntun. Géèmù ti di tuntun, àwọn àfikún ṣì wà bí wọ́n ṣe wà, wọn ò bá ara wọn mu mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ló ti bàjẹ́, a sì ní láti wá a rí. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà tó ń fi ebi hàn. Àwọ̀ ewé ló máa ń jẹ́ bí ènìyàn bá yó. Tèmi ti pọ́n bí ìbẹ́pẹ. Ọmọ náà tẹ nǹkan kan, gbogbo ayé inú géèmù dúró sójú kan.

"Tó bá wá pupa ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ẹ ó kú ni." Ó gbójú sókè. "Ẹni inú géèmù ni mo ń wí o, Tọ́ntọ́n."

"Mo mọ̀."

Mo mọ̀ lóòótọ́. Mùsùlùmí ni mí, mo ka ìwé mẹ́fà, mo sì mọ̀ pé àwòrán kì í pa ènìyàn. Àmọ́ orí nìkan ló mọ̀ ọ́n, kò tíì sọ fún ikùn. Mo bi í pé ṣé kò sí ti àná ni, ká padà sórí ẹ̀. Ó ní orí ti àná ni òun máa ń tọ́jú ti òní sí, pé inú kọ̀ǹpútà ti kún, kò sáàyè fún ẹ̀dà. Mo ní mo fẹ́ lọ wo nǹkan lẹ́yìnkùlé. Ìsaasùn ni mo lọ wò. Àṣèkè wà níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ rírin tí àwọn tó ti Àbíjàn bọ̀ máa ń fi ooru omi sè, mo sì jẹ ẹ́ nígbà tí kì í ṣe àsìkò oúnjẹ. Èrò mi ni pé bí ọ̀kan nínú àwa méjèèjì bá yó, ó lè ran ẹnì kejì lọ́wọ́.

Nígbà tí mo padà dé, ọmọ náà ti ṣe ẹbí mìíràn síbẹ̀, àwọn tí a ò mọ̀ rí, ó ní kí ọmọkùnrin wọn dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, bàbá dáhùn, ó dìde, ó gbọn ara rẹ̀. Ọmọ náà ní ó jọ pé àfikún ìkíni kò ní ẹ̀bi nígbà náà, nínú àwọn yòókù ni ká wò: àga, aṣọ, ìkòkò, páànù, gbogbo ohun tó ti kó kún un. Bí wọ́n ṣe ń wá a ni pé kí wọ́n yọ ìdajì wọn kúrò, kí wọ́n ṣí géèmù. Bí mo bá dìde, a jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn tí a yọ ló ń dà wá láàmú. Bí n kò bá dìde, ó wà lára àwọn tó kù. A ó tún pín in sí méjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tí yóò fi ku ẹyọ kan. Ó dára. Ohun tí kò dára níbẹ̀ ni pé nígbàkúùgbà tí a bá ṣí i, a gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àkókò rìn díẹ̀ láti mọ̀ bóyá mo máa dìde, bí àkókò bá sì ti ń rìn ni ebi mi ń rìn.

Inú rẹ̀ la wà nígbà tí oníbàárà mi kan láti Másífà wá gba ṣòkòtò rẹ̀. Ṣòkòtò kò tíì parí, ó wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ó yọjú wo kọ̀ǹpútà.

"Télọ̀, ta ló dojú bolẹ̀ báyìí?"

"Èmi ni."

"Kí lẹ ń wá?"

"Mo ń kí màmá mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti di ọjọ́ mélòó kan níbẹ̀."

Ó yíjú sí ìyá mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó fi ọwọ́ kanlẹ̀. "Màmá, ẹ dákun, ẹ dá a lóhùn, kó lè rí ṣòkòtò mi rán."

"Èmi kọ́ ni mo dákẹ́," ni ìyá mi wí. "Ti inú ibẹ̀ ni kí o bẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò padà wá lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Ọmọ náà yọ ìdajì, mi ò dìde. Ó tún pín in, mi ò dìde. Ìlà ebi mi pọ́n wẹ̀ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Mo ń ka gbogbo ohun tí mo mọ̀ nínú Kùránì, èyí tí kò pọ̀. Nígbà tí kò mọ èyí tó kù láti yọ mọ́, ó yọ àfikún ìkíni. Mo dìde! Mo na ọwọ́ sókè sí ìyá mi, mo sì kọrí sí ilé ìdáná.

"Dá a dúró," ni ìyá mi wí.

Ọmọ náà dá a dúró. Kì í kọ ọ̀rọ̀ sí ìyá mi lẹ́nu.

"Màmá," ni mo wí, "ẹ jẹ́ ó jẹun ná."

"Tó bá jẹun tán, ṣé yóò padà wá kí mi?"

"Kò mọ̀ ọ́n kí mọ́, Màmá. A ti yọ ìkíni."

"Ẹ dá a padà sílẹ̀."

Ọmọ náà dá àfikún ìkíni padà, báyìí ni wọ́n ṣe dá mi padà sílẹ̀. Mo rò pé ìyá mi yóò wo ojú mi kó ṣàánú, àmọ́ ti inú kọ̀ǹpútà ló ń wò.

Ọmọ náà wá ṣí inú àfikún ìkíni fúnra rẹ̀. Ìwé àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà ló kún inú rẹ̀, kéékèèké bí ìjàlọ. Ó ń kà á, ó ń tún un kà, lẹ́yìn náà ló na ìka sí ìyá mi inú kọ̀ǹpútà. "Ìyá Àgbà jókòó!" ló wí. Bàbá tó fi dán an wò tẹ́lẹ̀, ìdúró ló wà. Géèmù tuntun yìí ti pàṣẹ pé ẹni tó bá fẹ́ dá ènìyàn lóhùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìde dúró, àfikún kò sì mọ̀, kò sọ fún un kó dìde. Ìyá mi ń dúró de ẹni tó máa gbé e dìde, èmi ń dúró de ìdáhùn. Ó ní kò le. Kí òun yọ àga lábẹ́ rẹ̀, yóò dìde, yóò dáhùn, ó tán.

"Kí èmi dìde dúró kí ọmọ tí mo bí tó lè kí mi?" ni ìyá mi bi í.

"Kò ṣeé ṣe," ni mo gbọ́ tí ẹnu mi wí. "Má yọ àga."

"Tọ́ntọ́n, ẹ wo ìlà yẹn. Ẹ ó kú o."

"Jẹ́ kí n kú."

Ohùn mi kò gbọ̀n rárá. Ẹsẹ̀ mi ló ń gbọ̀n, orí pátákó ìtẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ ló sì wà, ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò ará Másífà méjèèjì pọ̀ mọ́ra.

Ọmọ náà ní ó ku ọ̀nà kan ṣoṣo. Ibì kan wà nínú ìwé náà tó sọ pé ẹni tó dọ̀bálẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró de ìdáhùn. Òun lè pa á rẹ́, màá sì dá dìde. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ bí ẹni pé kò wù ú. Kò wu èmi náà. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò dìde rí kí ìyá mi tó ní kí n dìde. Ìlà ń ṣẹ́jú.

Ìyá mi fà sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó wo ẹ̀yìn ọrùn mi tó wà nílẹ̀ níbẹ̀.

"Kí ló tiẹ̀ ń dúró dè?"

"Ìdáhùn yín ni, Ìyá Àgbà."

Ìyá mi tún gèlè rẹ̀ wé, ó kọjú sí ọmọ náà.

"Ní kó dìde, kó lọ jẹun. Èmi tí mo bí i, mo ti dá a lóhùn kó tó dọ̀bálẹ̀."