Bí Aránṣọ Ilé Wa Ṣe Rán Ọbẹ̀ fún Adájọ́

Aránṣọ ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Yàrá iwájú tó kọjú sí títì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: maṣíìnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tábìlì tó fi ń gé aṣọ, dígí gígùn kan tí igun rẹ̀ ti sán, àti kọ́tìnnì tí àwọn oníbàárà ń wọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ pààrọ̀ aṣọ. Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé, nítorí ibẹ̀ ló sún mọ́ ilé ìwé mi. Àǹtí ni mo máa ń pè é. Òun ń pè mí ní Òpéléńgẹ́.

Ohun kan wà tí àwọn oníbàárà fi fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá gé aṣọ tán, kì í rán an tán lẹ́ẹ̀kan náà. Òwú funfun ló máa fi so ó fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, á ní kí aláṣọ wọ̀ ọ́ wò níwájú dígí, á sì bi í pé, “Ibo ló ti fún yín?” Ibi tí aláṣọ bá fọwọ́ sí ló máa tú. Kì í jiyàn. “Èmi kọ́ ni mo máa wọ̀ ọ́,” ló máa ń wí.

Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Àbúrò ṣì ń rákòrò. Ẹ̀gbọ́n, tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún, là ń pè ní Adájọ́, nítorí bó bá ti dájọ́ lórí nǹkan, kò sí kóòtù tó lè yí i padà. Adájọ́ ti dájọ́ pé oúnjẹ tí kò bá ti inú ọ̀rá tàbí agolo jáde kì í ṣe oúnjẹ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì máa ń pẹ́ kó tó wálé. Àǹtí ń ránṣọ, ó tún ń tọ́mọ. Bí omi bá ti hó, tí wọ́n da oúnjẹ inú ọ̀rá sí i, oúnjẹ ti délẹ̀ nìyẹn. Bisikíìtì láàárọ̀, ẹran inú agolo lọ́sàn-án, ohun mímu aládùn nígbàkígbà.

Nígbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í le Adájọ́. Bó bá fẹ́ ṣe ìgbẹ́, ẹkún ni. Eyín ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń dúdú. Àǹtí gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tẹ ikùn rẹ̀, ó la ẹnu rẹ̀ wò, ó ní kí Àǹtí dín àwọn nǹkan inú ọ̀rá kù, kó máa fún un ní ẹ̀fọ́, èso, ẹ̀wà àti omi dáadáa.

Àǹtí ò dín in kù. Ó kó gbogbo rẹ̀ dànù lọ́jọ́ kan náà. Ó wá gbé abọ́ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ síwájú Adájọ́.

Adájọ́ wò ó. “Ta ló ni eléyìí?”

“Ìwọ ni.”

“Mi ò bẹ̀ yín níṣẹ́.”

Ó ti abọ́ náà sẹ́yìn. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà: ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ àti omi ló ń gbà, títí ọrùn rẹ̀ fi tẹ́ẹ́rẹ́. Àsìkò yẹn gan-an ni màmá mi, ìyá ọkọ Àǹtí, wá kí wa.

“Ìyàwó wa, ọrùn ọmọ yìí ti dà bí ọrùn ẹyẹ. Kí lẹ fi ń bọ́ ọ?”

“Oúnjẹ gidi ni, Màmá.”

“Oúnjẹ gidi tí ò jẹ! Màá padà wá ní ìparí oṣù. Bó bá ṣì rí báyìí, màá mú un lọ sọ́dọ̀ mi. Bisikíìtì ò wọ́n mi.”

Àǹtí kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá lọ tán, mo rí i tó jókòó sídìí maṣíìnì tó ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Kò sí òwú lójú abẹ́rẹ́.

Ó wá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ó se ọ̀dùnkún, ó gún un, ó gé e pẹlẹbẹ bíi bisikíìtì, ó yan án, ó kó o sínú ọ̀rá bisikíìtì tó ti ṣófo. Báwo ni yóò ṣe pa ẹnu ọ̀rá náà dé? Ohun tó mọ̀ jù lọ ló ṣe: ó fi maṣíìnì rán an. Adájọ́ gba ọ̀rá náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó wo ẹnu rẹ̀, ó wo maṣíìnì.

“Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ rán an. Òwú pupa yín nìyí.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo bojú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Láti ìgbà náà, gbogbo oúnjẹ di afurasí lójú Adájọ́, àní èyí tí a ṣí ọ̀rá rẹ̀ lójú rẹ̀.

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí oṣù parí nígbà tí ìyá oníbúrẹ́dì wá wọ aṣọ rẹ̀ wò. Adájọ́ jókòó sábẹ́ tábìlì, ó ń wò wọ́n.

“Ibo ló ti fún yín, Mà?”

“Abíyá níbí. Àbí ẹ fẹ́ kí n máa mí ní díẹ̀díẹ̀ ni?”

Àǹtí ń tú u lọ́wọ́ ni Adájọ́ bá sọ̀rọ̀ látìsàlẹ̀: “Gbogbo èèyàn lẹ máa ń bi. Èmi, ẹ kàn máa ń ní, ‘Jẹ ẹ́.’”

Ìyá oníbúrẹ́dì bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ ò rí nǹkan! Oníbàárà yín kan wà lábẹ́ tábìlì o!”

Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Ó di sísọ́ọ̀sì mú, ó dúró bí ẹni tí wọ́n pè látòkèèrè.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó fi téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn, ó bu ọbẹ̀ ẹ̀wà sínú síbí.

“Oníbàárà wa, ẹ káàbọ̀. Mo ti gé ọbẹ̀ yìí, mi ò tíì rán an tán. Ẹ tọ́ ọ wò. Ibo ló ti fún yín?”

Adájọ́ gbóòórùn síbí náà. Ó tọ́ ọ wò. “Ẹ̀fọ́ ẹ̀ gùn jù.”

Àǹtí kó ẹ̀fọ́ náà jáde, ó gé e wẹ́wẹ́.

“Nísinsìnyí ńkọ́?”

“Ẹ̀wà ẹ̀ le.”

“A ó fi sílẹ̀ kó jiná. Kárọ́ọ̀tì ńkọ́?”

Ó jẹ ẹ́, ó ronú. “Kárọ́ọ̀tì bá mi mu.” Ó la ẹnu fún síbí mìíràn.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ọjọ́ kan bá dára, òmíràn á burú. Lọ́jọ́ tí a se ẹja, Adájọ́ pàṣẹ pé, “Ẹ tú u palẹ̀ pátápátá!” Àǹtí sì tú u palẹ̀, ó fi ẹyin rọ́pò rẹ̀. Omi ọsàn tí a fún nílé rọ́pò ohun mímu aládùn. Ẹ̀gbọ́n mi ti ìrìn àjò dé, ó ní, “Ṣé ewúrẹ́ lẹ fẹ́ fi mí ṣe ni?” Ó lá abọ́ rẹ̀ gbẹ.

Màmá dé ní ìparí oṣù lóòótọ́. Ó gbé báàgì ńlá kan wá fún aṣọ Adájọ́, ọ̀rá bisikíìtì kan ló wà nínú rẹ̀. Àǹtí pa aṣọ tó ń rán tì. Kó tó sọ̀rọ̀, Adájọ́ ti fi téèpù kọ́rùn, ó ti fa Màmá jókòó síwájú dígí, ó sì gbé abọ́ ọbẹ̀ lé e lọ́wọ́.

“Màmá àgbà, ẹ tọ́ ọ wò. Ibo ló ti fún yín?”

Màmá wò mí. Mo wolẹ̀. Ó tọ́ ọbẹ̀ náà wò, ó tún bu òmíràn. “Iyọ̀ ẹ̀ kù díẹ̀.”

“Mọ́mì, ṣé ẹ gbọ́? Iyọ̀!”

Àǹtí fò dìde. “Ẹ má bínú, oníbàárà wa!” Màmá bá bú sẹ́rìn-ín, omi jáde lójú rẹ̀.

Adájọ́ jẹ abọ́ tirẹ̀ tán, ó ha ìdí rẹ̀. Màmá tẹ apá rẹ̀ wò, ó rí i pé ẹran ti wà níbẹ̀.

“Ṣé o ṣì ń sunkún bó o bá fẹ́ ṣe ìgbẹ́?”

“Rárá o. Kíákíá ni báyìí.”

Màmá na bisikíìtì sí i. Adájọ́ kọ́kọ́ yẹ ẹnu ọ̀rá náà wò bóyá òwú wà níbẹ̀. Ó jẹ ẹyọ kan, ó dá ìyókù padà. “Ó dùn, ṣùgbọ́n ó fún mi.”

Báàgì tí Màmá gbé wá fún aṣọ ọmọ, abọ́ ọbẹ̀ ló gbé lọ nínú rẹ̀. Àǹtí sìn ín dé títì. Màmá yíjú padà.

“Ìyàwó wa, má tú u mọ́ o. Bó ṣe rí yẹn gan-an ló bá wa mu.”